Mẹ́fà Nínú Mẹ́fà

Èmi ni mo kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí bí mo bá ti ibòmíràn bẹ̀rẹ̀, inú á bí mi jù, mi ò sì ní lè sọ ọ́ dé òpin.

Orúkọ mi ni Zlatina. Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń kọ́ àwọn ará ìlú Lom, létí odò Danube, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú yàrá òkè ilé àṣà wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá tí àwọn ìyá arúgbó ti ń fi orin dánra wò. Nígbà kan, ọmọ ilé ìwé ni mò ń kọ́. Báyìí, àwọn òbí ọmọ ló kù. Awakọ̀ ń bẹ níbẹ̀, bíríkìlà ń bẹ níbẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ń bẹ níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì fẹ́ lọ sí ìlú ọba lọ tọ́jú àwọn arúgbó tí ọmọ tiwọn ò ráyè. Àwọn arúgbó tiwa wà ní yàrá kejì, wọ́n ń kọrin.

Ohun tó máa ń dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lágara jù ni àwọn ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórúkọ ní olórí-kunkun. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbọ́ràn: o kàn máa fi s kékeré kan sí i nídìí, ó ti di púpọ̀ nìyẹn. Àmọ́ àwọn kan wà tí wọn ò gbà. Ẹsẹ̀ kan ni foot, méjì di feet. Eyín kan ni tooth, tó bá kún ẹnu ó di teeth. Ọkùnrin, obìnrin, ọmọ, ìyàwó, ọ̀bẹ, eku, oníkálukú ló ní ọ̀nà tiẹ̀. Ọdọọdún ni ẹnìkan máa ń nawọ́ béèrè pé, "Tíṣà, kí ló dé tí wọn ò ṣe òfin kan ṣoṣo fún gbogbo ẹ̀?" Ìdáhùn kan náà ni mo máa ń fún wọn. Màá ní kí wọ́n wo àwọn ọ̀rọ̀ náà dáadáa: bí kì í bá ṣe ohun tó wà lára ẹni, á jẹ́ ohun tó wà nílé ẹni. Ọ̀rọ̀ tó bá ti pẹ́ nílé kì í tẹ̀lé òfin tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó jìnnà sí ọ, bíi ọkọ̀ òfuurufú, kò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Ohun tó sún mọ́ ọ jù ni kí o máa ṣọ́.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Etí mi ò gbọ́ ohun tí ẹnu mi ń sọ.

Ognyan ni ọkọ mi. Ẹ̀rọ ńlá tó ń gbé ẹrù kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi ló ń wà ní èbúté wa, títí wọ́n fi dín òṣìṣẹ́ kù nígbà tí ewé ń wọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi jókòó sí bákónì, tó ń wo odò Danube bí ẹni pé odò náà ló lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan ló wọ inú ilé ìdáná wá.

"Zlatina, kọ́ mi."

"Kí ni kí n kọ́ ọ?"

"Gẹ̀ẹ́sì. Mo fẹ́ lọ tọ́jú arúgbó. Èmi á kọ́kọ́ lọ. Tó bá fi máa di oṣù kẹsàn-án, mo ti ránṣẹ́ pe ìwọ àti Kalina. Ọ̀hún ni Kalina á ti wọ kíláàsì kẹta."

"Ìwọ? Ìwọ tí ẹja inú gíláàsì kú mọ́ lọ́wọ́?"

"Ẹja yẹn ti ń ṣàìsàn kí n tó rà á."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ má gbàgbé pé mo rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó bá ti lè pa mí lẹ́rìn-ín, mo ti máa ń fún un ní ohun tó fẹ́ kó tó béèrè, àìsàn tèmi nìyẹn. Kalina ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́jọ, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti inú yàrá rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní bàtà onítáyà rẹ̀, ó ní òun ò ní lè gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú. Oṣù kẹsàn-án di orin lẹ́nu rẹ̀. Bí mo bá ní kó jẹ ẹ̀wà, á ní ní oṣù kẹsàn-án òun ò ní jẹ ẹ̀wà mọ́.

A bẹ̀rẹ̀. Ognyan wà ní kíláàsì mi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó sì tún wà lọ́dọ̀ mi ní tábìlì ilé ìdáná lójoojúmọ́. Mo gé bébà kéékèèké, mo kọ àwọn olórí-kunkun sí wọn, mo sì lẹ̀ wọ́n mọ́ gbogbo ilé. Ọ̀bẹ wà lára dúróà, eyín wà lára ife búrọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ wà lókè ibi tí a ń kó bàtà sí. Nígbà tí mo fẹ́ lẹ eku mọ́ ilẹ̀kùn ibi ìkóúnjẹsí, ìyá ọkọ mi fò dìde. Ìyá Tsonka ń gbé lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú.

"Ìwọ ìyàwó yìí, má pe eku wá sílé mi o!"

"Ìyá, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́."

"Ṣé eku ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni?"

Àgùntàn ni mo lẹ̀ mọ́ ara sítóòfù. Ìyá Tsonka sún mọ́ ọn, wọ́n bọ awò wọn sójú. "Èyí ńkọ́?"

"Àgùntàn ni, Ìyá. Ọ̀kan ni sheep. Ọgọ́rùn-ún náà, sheep ni."

"Kì í yí padà?"

"Kì í yí padà."

"Háà! Mo ti mọ̀. Òun nìkan ló ní ìwà nínú gbogbo èdè yín yẹn. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi da àgùntàn lórí òkè, kò sí ọ̀kan tó fojú méjì wò mí."

Ìyàwó nìkan la ò mọ ibi tí a máa lẹ̀ ẹ́ mọ́. Mò ń ro ọbẹ̀ lọ́jọ́ kan, Ognyan sì wá láti ẹ̀yìn, ó lẹ bébà náà mọ́ mi lẹ́yìn.

"Wife, wives!" ló ń ké. "Ẹ wo bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe gbọ́n tó. Wọ́n ti ṣètò sílẹ̀ bí ọ̀kan ò bá tó."

"Ọ̀kan yìí pọ̀ jù fún ọ."

"Ó pọ̀, Tíṣà. Mo jẹ́wọ́, ó pọ̀."

Mo gbàgbé bébà náà síbẹ̀. Mo bọ́ sílẹ̀ lọ ra búrẹ́dì, mo sì gbé e kiri àdúgbò lẹ́yìn mi, àwọn tó wà lórí ìlà ń fọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tí mo wá rí i, mo rò pé bébà ni wọ́n ń wò.

Èyí tó le jù fún un ni ọ̀rọ̀ ọmọ. Ọ̀kan ni child, púpọ̀ ni children, kò sì sí s kankan níbẹ̀. Ognyan á máa pè é ní childrens. Ara ilẹ̀kùn Kalina ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́, Kalina sì sọ ara rẹ̀ di olùdánwò. Láràárọ̀, kó tó gbà kí bàbá rẹ̀ wọlé wá kí òun, á ní kó pe ọ̀rọ̀ náà. Bó bá ṣì í pè, ìjìyà rẹ̀ ni kó gbé òun kọ́rùn láti àjà kẹrin dé ìsàlẹ̀, torí ẹ̀rọ agbéniròkè ilé wa ti bàjẹ́ láti ọdún tó kọjá. Ó ń ṣì í pè lójoojúmọ́. Ó ń sọ ọ́ dáadáa ní kíláàsì, á sì tún ṣì í pè lẹ́nu ilẹ̀kùn Kalina. Mo rò pé ó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kó lè gbé ọmọ rẹ̀. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù títí di òní nìyẹn. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú ọkùnrin náà.

Mẹ́fà ni òpin máàkì lọ́dọ̀ wa, mi ò sì kì í fún èèyàn ní mẹ́fà bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ognyan ò gbà ju mẹ́rin lọ rí.

"Ìgbà wo lo máa fún mi ní mẹ́fà?" á bi mí. "Ọkọ rẹ mà ni mí."

"Ọjọ́ tí o bá kọ odindi ojú ìwé kan láìsí àṣìṣe. Ọkọ ò sí nínú kíláàsì."

Obìnrin kan wà ní kíláàsì náà tó ń jẹ́ Galya. Irun obìnrin ló ń gé ní òpópónà tó lọ sí èbúté. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni, ìyá rẹ̀ ti kú, ó sì máa ń pè mí ní Tíṣà mi, kì í ṣe Tíṣà lásán. Tí kíláàsì bá parí, òun ló máa ń bá mi to àga. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tó tó àkókò láti máa fi ọ̀rọ̀ ẹnu dánra wò ní méjìméjì, ọ̀kan aláìsàn, ọ̀kan olùtọ́jú, èmi ni mo mú Ognyan àti Galya pọ̀. Mo ní Gẹ̀ẹ́sì wọn dọ́gba. Ognyan á na ara rẹ̀ sórí àga méjì, á máa kérora pé ẹsẹ̀ ń dun òun, eyín ń dun òun, Galya á máa fọwọ́ pa á lórí, gbogbo kíláàsì á máa rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an ń rẹ́rìn-ín. Mo tún máa ń sọ pé, "Ẹ tún un ṣe, ẹ tún un ṣe, kó mọ́ yín lára."

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Èmi tí mo gbin ẹ̀fọ́ náà ni mo tún ń bomi rin kòkòrò.

Oṣù kejì ni Galya rí iṣẹ́ ní ìlú ọba, ó sì fẹ́ máa lọ. Ní tiwa, bí ẹnìkan bá fẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn, tàbí ìdánwò, tàbí iṣẹ́ ológun, wọ́n á da omi sí ẹnu ọ̀nà láti inú garawa bàbà, pẹ̀lú ẹ̀ka ewé tútù kan nínú rẹ̀, kí ọ̀nà ẹni náà lè ṣàn bí omi. Á gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá lórí omi, ó lọ nìyẹn. Kò gbọdọ̀ padà. Bó bá padà sórí omi náà, ọ̀nà á gbẹ, oríire á gbẹ mọ́ ọn. Ìyá ẹni ló máa ń dà á. Galya ò ní ìyá. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé garawa bàbà ìyá ọkọ mi, tí mo wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nínú yìnyín, tí mo sì dà á fún un. Mo tún fún un ní ìwé atúmọ̀ èdè tí mo lò ní yunifásítì. Ó sunkún sí mi léjìká.

"Tíṣà mi, mi ò mọ bí mo ṣe máa san oore yìí fún yín."

Ó padà mọ̀ ọ́n.

Ní oṣù kẹrin, Ognyan yege ìdánwò àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ fún ilé àwọn arúgbó ní ìlú ọba. Ohun kan ṣoṣo ló kù: kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ojú ìwé kan ní Gẹ̀ẹ́sì nípa ara rẹ̀ àti ẹbí rẹ̀, kó sì fi lé obìnrin tó ń ṣe olórí ilé àwọn arúgbó lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó bá débẹ̀. Tábìlì ilé ìdáná ló ti kọ ọ́ lọ́jọ́ Sunday kan. Ó fi apá bò ó bí ọmọ kíláàsì kìíní.

"Jẹ́ kí n wò ó," mo ní.

"Rárá o. Tó o bá wò ó, o máa tún un ṣe. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo kọ ọ́."

"Àṣìṣe ńkọ́?"

"Tí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, tèmi ni. Ṣé o ò fọkàn tán iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni?"

Orí mi wú. Mo lọ sọ fún gbogbo ilé àṣà pé ọkọ mi ti ń dá Gẹ̀ẹ́sì kọ.

Ọjọ́ kejì ọdún Jọ́ọ̀jì Mímọ́, nínú oṣù karùn-ún, ló lọ. Aago méje àárọ̀ ni bọ́ọ̀sì kékeré tó máa gbé wọn máa dé ìsàlẹ̀ ilé wa. Mo ti dì í ní búrẹ́dì, wàràkàṣì àti ẹran àgùntàn tó ṣẹ́kù nínú ọdún, mo sì ṣí báàgì rẹ̀ láti kó wọn sí i. Ó sáré wá.

"Fi sílẹ̀! Mo máa dì í fúnra mi."

Ó yọ fáìlì aláwọ̀ búlúù kan jáde nínú báàgì náà, ó ní òróró ẹran á ràn án, ó sì fi í sẹ́yìn àwọn kóòtù, lórí àpótí bàtà. Mo kó oúnjẹ sínú báàgì, mi ò sì rò ó mọ́. Òun náà ò rò ó mọ́. Nítorí kí n má bàa rí i ló fi gbé e pamọ́, pípamọ́ náà ló sì jẹ́ kó gbàgbé rẹ̀.

Ó fẹnu ko gbogbo wa lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé Kalina sókè.

"Pe ọ̀rọ̀ náà," ni Kalina wí.

"Childrens."

"Dádì! O ṣì í!"

"Mo jẹ ọ́ ní gbígbé kan nígbà náà. Ní oṣù kẹsàn-án ni mo máa san án."

Ìyá Tsonka da omi náà. Ó ṣàn lórí pèpéle, ó sì ń kán láti orí àtẹ̀gùn kan sí òmíràn. Ognyan gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Kalina sáré lọ sí bákónì láti lọ juwọ́ sí i. Mo dúró, mò ń fi etí tẹ̀lé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dé àjà kejì, ẹsẹ̀ náà sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ tó ń bọ̀ lókè pẹ̀lú eré.

"Fáìlì mi! Mo gbàgbé fáìlì mi!"

Ìyá Tsonka na ọwọ́ méjèèjì dí ọ̀nà lórí àtẹ̀gùn, pẹ̀lú garawa lọ́wọ́ kan.

"Dúró síbẹ̀! Má gun orí omi yìí!"

"Ìyá, ìwé mi ló wà lókè."

"Zlatina á mú un wá fún ọ. Kí ni ìyàwó wà fún?"

"Rárá, rárá, kó má ṣèyọnu. Ẹ jẹ́ kí n sáré wọlé mú un."

"Ognyan! Sìgá ni bàbá rẹ padà wá mú lọ́jọ́ tó ń lọ sí Líbíyà. Orí omi yìí náà ló tẹ̀. Oṣù kejì tó débẹ̀ ló já bọ́ látorí ilé tí wọ́n ń kọ́. Ṣé o fẹ́ kí n tún rí irú ẹ̀ ni?"

Ó dúró lórí àtẹ̀gùn gbígbẹ tó kẹ́yìn. Omi náà ń rìn bọ̀ wá bá a díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fà sẹ́yìn fún un. Ọmọ ọdún méjìlélógójì, ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ gbé àpótí irin sókè láìṣẹ́jú! Mo mọ ohun tó ń rò nígbà yẹn, mi ò kàn mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Tó bá gun òkè wá, yóò bọ́ lọ́wọ́ mi. Kò lè gùn ún. Ó bẹ̀rù omi náà ju bó ṣe bẹ̀rù mi lọ.

"Zlatina," ó ké sókè, "ẹ̀yìn kóòtù ló wà. Jù ú sílẹ̀ láti bákónì. Má ṣí i o, bébà inú rẹ̀ á fò."

"Ta ló ń ju ìwé gidi láti àjà kẹrin? Mò ń mú un bọ̀."

"Má ṣí i ṣá!"

Mo wọlé. Mo ti ọwọ́ sẹ́yìn kóòtù, mo rí i.

"Zlatina! Ṣé o gbọ́? Má ṣí i!"

Ká ní ẹ̀ẹ̀kan ló sọ ọ́ ni, mi ò bá má ṣí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́. Èmi sì rò pé ojú ló ń ti akẹ́kọ̀ọ́ mi nítorí àṣìṣe, mo ní ẹ jẹ́ kí n yára wò ó, bóyá s kan wà tí mo lè pa rẹ́ kó tó dójú tì wá ní ìlú ọba. Bíró pupa kì í kúrò nínú àpò kóòtù mi. Mo fà á yọ, mo ṣí fáìlì náà.

Ìkọ̀wé rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó kọ ọ́ pé orúkọ òun ni Ognyan, ara òun le. Ó kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ òun méjèèjì dára, eyín òun pé. Mo fi àmì sí feet, mo fi àmì sí teeth. Ó ní òun mọ bí a ṣe ń fi sùúrù bá àwọn arúgbó lọ́kùnrin lóbìnrin lò. Mo fi àmì sí méjèèjì. Ó ní òun mọ ọ̀bẹ lò nínú ilé ìdáná. Mo fi àmì sí i. Ó ní ìyá òun da àgùntàn púpọ̀ nígbà ayé rẹ̀, kò fi s sí i, mo fi àmì sí i. Nígbà ayé rẹ̀! Ìyá rẹ̀ ń dí ọ̀nà lórí àtẹ̀gùn nígbà yẹn gan-an, mo sì ń yọ̀ pé ó rántí ọ̀rọ̀ àgùntàn. Ó kọ ọ́ pé òun ò ní ìyàwó. Ó kọ ọ́ pé òun ò ní ọmọ kankan. Children ló kọ, láìsí s. Mo fi àmì sí i.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mo fi àmì pé ó gbà á sí i. Tíṣà inú mi ti gbà á wọlé kí ìyàwó tó dé.

Ìlà tó kẹ́yìn ni mo kà tí ọwọ́ mi fi dúró. Ó ní àfẹ́sọ́nà òun, Galya, ti wà níbẹ̀ láti oṣù kejì, ó ń dúró de òun. Ó ní òun bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún àwọn ní yàrá kan ṣoṣo.

Mo jókòó sórí àpótí bàtà. Mo wo bébà tó wà lára ògiri lókè mi, foot, feet, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Èèyàn máa ń sọ pé inú òun bàjẹ́. Tèmi ò bàjẹ́ nígbà yẹn, ó gbóná ni. Kì í ṣe torí obìnrin nìkan; ọkùnrin ti ń ṣe ìyẹn tipẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó fi pa mí rẹ́, ẹnu mi ló ti gbà á. Mo jókòó tì í ní ìgbà òtútù, mò ń sọ pé tún un sọ, tún un sọ, títí irọ́ náà fi yọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo da omi fún Galya nínú yìnyín, ìyá Ognyan da omi fún Ognyan. Ọ̀dàlẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Àwọn méjì yìí ò bá ilẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n wọ̀.

Bọ́ọ̀sì náà fun fèrè nísàlẹ̀. Láti bákónì, mo gbọ́ ohùn Kalina tó ń pariwo sí gbogbo àdúgbò pé, "Dádì, oṣù kẹsàn-án o!" Mo fẹ́ lọ fi garawa bàbà yẹn lu Ognyan lórí. Mo lè ya ìwé náà sí wẹ́wẹ́, kó dé ìlú ọba lọ́wọ́ òfo. Àmọ́ tí mo bá ké, Kalina ló máa kọ́kọ́ gbọ́, lójú gbogbo ilé alájà mẹ́jọ. Mo dìde. Mo gbé ìwé náà lé àpótí bàtà, mo fi bíró pupa kọ mẹ́fà ńlá sí orí rẹ̀, mo fa ìlà yí i po, mo sì fọwọ́ sí i bí mo ṣe máa ń fọwọ́ sí ìwé gbogbo ẹni tó bá tọ́ sí. Mo pa fáìlì dé. Mo gba ẹ̀gbẹ́ Ìyá Tsonka kọjá, mo sọ̀ kalẹ̀ lórí omi náà.

Ojú mi ni Ognyan kọ́kọ́ wò, kó tó wo ọwọ́ mi.

"Ṣé o ṣí i?"

"Kí ni mo fẹ́ wá nínú rẹ̀?"

Ara tù ú. Mo rí i bí ara ṣe tù ú, bí èjìká rẹ̀ ṣe rọ̀ wálẹ̀. Ó dì mọ́ mi.

"Oṣù kẹsàn-án, Zlatina. Mo ti ṣèlérí."

Ẹnìkan ò ní kó sọ ọ́. Ó kàn tún un sọ ni.

Nígbà tí mo padà gòkè, Ìyá Tsonka ṣì dúró lórí àtẹ̀gùn. "Kí ló wà nínú ìwé náà tó fẹ́ torí ẹ̀ ba ọ̀nà ara ẹ̀ jẹ́?"

"Ìdánwò rẹ̀ ni, Ìyá. Mẹ́fà ló gbà nínú mẹ́fà."

"Mo ti mọ̀! Ọmọ mi!" Wọ́n gbé garawa sílẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo ilé alájà mẹ́jọ ti gbọ́ pé Ognyan gba mẹ́fà, Kalina sì ti sọ ọ́ fún ẹni tó fún ní bàtà onítáyà.

Ọjọ́ kẹta ni Ognyan pè. Ìyá Tsonka ń sun ata lórí sítóòfù, Kalina wà ní tábìlì, ó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Mo gbé fóònù náà.

"Zlatina." Ohùn rẹ̀ kéré. "Obìnrin tó gba ìwé mi níbí yìí bi mí pé kí ni nọ́mbà pupa tó wà lórí ẹ̀."

"Kí lo sọ fún un?"

"Zlatina, jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àwọn tó bá jẹ́ méjì ni wọ́n ń fún ní yàrá tó dára. Torí ìyẹn nìkan ni mo ṣe..."

"Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń ka ìwé akẹ́kọ̀ọ́," mo ní. "Mo mọ èyí tí wọ́n dà kọ, mo sì mọ èyí tí wọ́n fọkàn kọ."

Kalina ti gbọ́ pé bàbá òun ni. Ó ti na ọwọ́, ó gba fóònù náà lọ́wọ́ mi kí n tó lè gbé e sókè.

"Dádì! Mọ́mì ní o gba mẹ́fà! Gbogbo èèyàn ló ti mọ̀. Ṣé o kọ children níbẹ̀? Ṣé o kọ ọ́ dáadáa?"

Ó dúró. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ògiri.

"Dádì? Ṣé o fi s sí i?"

Ó tún dúró. Lẹ́yìn náà, ó na fóònù náà sí mi.

"Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti lọ, Mọ́mì. Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Mo gbà á, mo fi sétí. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wà níbẹ̀. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

"Ó kọ ọ́ dáadáa," mo sọ fún ọmọ mi. "Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀."

Mo sì pa fóònù náà.